Ẹ kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan? Bí ẹ ṣe lè kópa nínú ìdìbò abẹ́lé ní Amẹ́ríkà

Nílé, ìdìbò abẹ́lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní káàdì ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń fa olùdíje kalẹ̀, àwa yòókù á máa retí ọjọ́ tí INEC bá dá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà kì í fi í ka ìdìbò abẹ́lé ibẹ̀ sí: "Mi ò ṣe Democrat, mi ò ṣe Republican, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ó kàn yín gan-an. Ní Prince George's County ní Maryland, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ẹni tó bá borí nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat ló sábà máa ń dé ipò. Ìbò gbogbogbò oṣù kọkànlá kàn ń fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Bí ẹ bá jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò abẹ́lé, ẹlòmíì ló bá yín yàn án.

Ṣé ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ lè dìbò níbẹ̀? Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló máa dáhùn, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣáájú gbogbo ìgbésẹ̀. Ọmọ ìlú nìkan ni o. Green card kò tó. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú tó bá dìbò ìjọba àpapọ̀ ti rú òfin, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Bí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò lé yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, tí ẹ kò sì tíì búra ọmọ ìlú, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ yín

Ẹ lọ sí vote.gov, ẹ yan ìpínlẹ̀ yín, yóò darí yín sí ojú ewé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí bí orúkọ yín ṣe wà nínú ìwé olùdìbò, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ yín mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ rántí pé ẹ kọ lọ́dún tí ẹ búra. Ní Massachusetts, "Unenrolled" ni wọ́n ń kọ fún ẹni tí kò lẹ́gbẹ́. Ní New Hampshire, "Undeclared". Ní North Carolina, "Unaffiliated". Ní California, "No Party Preference".

Kí àwọn ará California ṣọ́ra níbí. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ American Independent Party. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi àmì sí i, tí wọ́n rò pé àwọn ń sọ pé àwọn dá dúró ni, tí wọ́n sì di ọmọ ẹgbẹ́ láìmọ̀. Bí orúkọ yẹn bá wà níwájú tiyín, ẹ tún un ṣe.

Ní Texas, Georgia, Virginia, Illinois àti Michigan, kò sí ohun tó ń jẹ́ fífi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ rárá, nítorí náà ẹ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú ìpínlẹ̀ tí ẹ wà

Ní àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí, ọ̀rọ̀ rọrùn: gbogbo olùdìbò ló láǹfààní láti yan ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kan, ìyẹn kan ṣoṣo.

New York, Pennsylvania, Florida, Maryland, Delaware àti Kentucky ti ilẹ̀kùn: ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń yan olùdíje ẹgbẹ́. Síbẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó sílé. Ní Pennsylvania, bí ìbéèrè kan bá wà tí ìjọba fẹ́ kí ará ìlú dìbò lé lórí lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ lè dá sí i. Ní Maryland, ó lè dìbò fún àwọn tó ń du ipò ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, torí ipò yẹn kò ní ẹgbẹ́ nínú. Ní Florida, bí gbogbo ẹni tó ń du ipò kan bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, tí ẹni tó bá borí kò sì ní ní alátakò ní oṣù kọkànlá, òfin ní kí gbogbo olùdìbò wọlé. Ó kàn jẹ́ pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá forúkọ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fọwọ́ kọ orúkọ òun sínú ìwé ìdìbò, ó ti di alátakò nìyẹn, ilẹ̀kùn á sì tún tì. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan ń forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìpolongo rárá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á sì pàdánù ìbò wọn.

Àárín méjèèjì ni Massachusetts, New Hampshire, North Carolina, New Jersey àti Colorado wà. Níbẹ̀, ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ lè yan ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá dìbò. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ni kò lè lọ dá sí ti ẹgbẹ́ kejì. Ní Colorado, wọn á fi ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ nílé. Ọ̀kan ṣoṣo ni kó dá padà. Bó bá dá méjèèjì padà, wọn kò ní ka ìkankan.

California àti Washington ní ti wọn, gbogbo olùdíje ló ń wà nínú ìwé kan, àwọn méjì tó léwájú ló ń lọ sí ìdìbò oṣù kọkànlá. Ní Alaska, mẹ́rin ni. Àmọ́ ìdìbò abẹ́lé fún ààrẹ yàtọ̀ ní California: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bóyá kí ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ wọlé. Lọ́dún 2024, Democrat gbà, Republican kò gbà. Ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ tó sì ń dìbò láti ilé gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1986 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́, lórí ẹjọ́ tó wá láti Connecticut, pé bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ pe àwọn tí kò lẹ́gbẹ́ wọlé, ìpínlẹ̀ kò lè dí i lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ilẹ̀kùn bá tì, ẹ wọ ẹgbẹ́ kí ọjọ́ tó kọjá

Wíwọ ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ti ilé. Kò sí owó káàdì, kò sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, kò sì sí ẹni tó lè ní kí ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ náà ní oṣù kọkànlá. Ẹ kàn máa yí ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù padà ni. Lójú tèmi, ẹni tó ń gbé níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń borí nígbà gbogbo gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ yẹn, yálà ó fẹ́ràn wọn tàbí kò fẹ́ràn wọn.

Ọjọ́ ni ká ṣọ́. Pennsylvania fẹ́ kó ku ọjọ́ 15 sí ìdìbò, Maryland ọjọ́ 21, Florida ọjọ́ 29. Ní New York, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹfà ni ìdìbò abẹ́lé wọn sábà máa ń wáyé. Ti Kentucky le jù: ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú. Lọ́dún 2016, Ivanka àti Eric Trump kò lè dìbò fún bàbá wọn nínú ìdìbò abẹ́lé New York, torí wọn kò tíì di Republican nínú ìwé nígbà tí gbèdéke kọjá ní oṣù kẹwàá ọdún 2015.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lọ́jọ́ ìdìbò

Wọn á béèrè ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ gba ìwé rẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìwé ẹgbẹ́ tí ẹ gbà máa wà nínú àkọsílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tí ẹ dìbò fún.

Ní Texas àti Georgia, bí kò bá sí ẹni tó gba ju ìdajì ìbò lọ, wọ́n á tún un dì láàárín àwọn méjì tó léwájú. Ẹgbẹ́ tí ẹ bá dìbò lẹ́ẹ̀kíní lẹ gbọ́dọ̀ bá dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò dìbò rárá lẹ́ẹ̀kíní lè yan èyí tó bá wù ú.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá ìdìbò yẹn ti sọ yín di ọmọ ẹgbẹ́. Ní Massachusetts, ẹ ṣì wà bí ẹ ṣe wà. Ní New Jersey, ẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, fọ́ọ̀mù mìíràn ló sì máa yọ yín. Ní New Hampshire, ẹ lè fọwọ́ sí ìwé kan lójú ẹsẹ̀ ní ibùdó ìdìbò, kí ẹ padà sí "Undeclared" kí ẹ tó jáde.