Bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ka eruku inú afẹ́fẹ́ n'Íbàdàn

Ẹni tó bá ti jókòó sí yàrá tó ṣókùnkùn láàárọ̀, tí oòrùn gba ihò fèrèsé wọlé, ti rí bí ẹ̀rọ tó ń ka eruku ṣe ń ṣiṣẹ́ rí. Eruku tó ń fò nínú ìtànṣán yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìmọ́lẹ̀ ló kọlù ú tó wá ta sí wa lójú. Ohun kan náà ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ PMS5003, àpótí kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́: fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́, lésà dípò oòrùn, àti ojú kan tó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ tó bá ta. (Ẹ má tú u wò o, lésà ò mọ ojú ọmọ ènìyàn.) Láti inú ìmọ́lẹ̀ tó ta yìí ló ti ń méfò bí eruku ṣe tóbi tó àti bó ṣe pọ̀ tó. Kò gbé nǹkan kan sórí òṣùwọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ bọ́ọ̀dù ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fólítì 5 ni sẹ́ńsọ̀ ń jẹ, ṣùgbọ́n 3.3 ni waya ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lò, nítorí náà ESP32 gbà á tààrà. TX sẹ́ńsọ̀ (ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀) ló ń lọ sí RX bọ́ọ̀dù (etí tó fi ń gbọ́), ní ìyára bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báìtì 32 ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń rán, báìtì méjì, 0x42 àti 0x4D, ló sì máa ń ṣáájú. Bí ẹ ò bá rí méjèèjì, ẹ tún waya yín wò. Bí iná bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí ló le jù. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo gbé tèmi sí l'Ójòó. Àràárọ̀ ni nọ́ńbà ń fò sókè, mo sì ń bú àwọn onímicra. Àṣé igi ìyá alákàrà tó wà lábẹ́ fèrèsé mi ni! Ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé tó yọ síta, níbi tí òjò ò lè dé, kó ga tó imú ènìyàn, kó sì jìnnà sí ààrò àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣọ́ aláǹtakùn náà, ó fẹ́ràn ihò sẹ́ńsọ̀.

PM2.5 ni kí ẹ máa wò: eruku àti èéfín tí fífẹ̀ wọn kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Fífẹ̀ irun orí kan tó nǹkan bíi 70. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2021 pé kó má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, láàárín wákàtí 24. Nítorí náà, ẹ ro nọ́ńbà ọjọ́ kan pọ̀ kí ẹ sì fi iye ìgbà tí ẹ kà á pín in. Ẹ má fi èéfín ìṣẹ́jú márùn-ún dá ìlú lẹ́jọ́.

Sẹ́ńsọ̀ náà máa ń purọ́. Láàárọ̀ tí ìkùukùu bá bo Ìbàdàn, omi á mú kí eruku wú, nọ́ńbà á ga láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òdì kejì ni: eruku Sàhárà ní hóró ńláńlá tí sẹ́ńsọ̀ kì í rí dáadáa, PM10 rẹ̀ (eruku tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 10 lọ) á wá kéré ju òtítọ́ lọ. Bí owó bá wà, ẹ ra méjì, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọ̀kan bá ń dá tirẹ̀ sọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ẹnu fáànù rẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.