Bí a ṣe ń yan atare, tí a sì ń lò ó nínú ọbẹ̀ àti fún òtútù

Ìdílé kan náà ni atare àti atalẹ̀ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a ń wú nílẹ̀ ni a ń jẹ lára atalẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé wóro inú èso ni a ń wá lára atare. Èròjà tí wọ́n ń pè ní gingerol, tí ó ń mú kí atalẹ̀ ta lẹ́nu, wà nínú wóro atare pẹ̀lú, èròjà mìíràn tí ó ń ta lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní paradol, sì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ra atare nítorí ìsọmọlórúkọ, níbi tí a ti ń fi ọ̀pọ̀ wóro inú rẹ̀ wúre pé kí ọmọ kún ilé. Bí ayẹyẹ bá parí, a ó sọ ìyókù sí ibì kan títí kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé èròjà ọbẹ̀ àtàtà ni.

Odidi ni kí ẹ máa rà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀. Èèpo atare ni ó ń dáàbò bo òórùn dídùn rẹ̀, bí a bá sì ti lọ wóro náà tán, òórùn yìí kì í pẹ́ kó tó lọ. Ẹ wá èyí tí ó gbẹ dáadáa, tí ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, tí kò bu, tí kòkòrò kò sì dá lu. Ẹ kó o sínú ìgò tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èèpo náà kó fọ́, kí ẹ sì yọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ àwọn wóro náà kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi eyín gé wóro kan wò: bí kò bá ta, tí ẹ kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ti gbó jù, kò sì lè ṣe ọbẹ̀ lóore. Ẹ lọ èyí tí ó dára lórí ọlọ tàbí kí ẹ gún un nínú odó kékeré, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú.

Fún ìkòkò pẹpẹ súùpù ẹran ewúrẹ́ tí yóò tó ènìyàn mẹ́fà, ìdajì ṣíbí kékeré ti tó. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó jinná ni kí ẹ tó bù ú sí i, pẹ̀lú ẹfinrin, nítorí pé iná púpọ̀ a máa lé òórùn rẹ̀ lọ. Àwọn ará Mòrókò ń fi í sínú àdàlù èròjà wọn tí wọ́n ń pè ní ras el hanout. Àwa náà lè fi òun àti iyọ̀ pa adìyẹ lára kí a tó sun ún.

Fún òtútù àti ọ̀fun tí ó ń dunni, ẹ tẹ wóro méje fọ́, ẹ gé atalẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ da omi gbígbóná kọ́ọ̀bù kan lé e, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi oyin sí i nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aboyún, ọmọ kékeré àti ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tí ó ń lo oògùn dókítà ní láti kọ́kọ́ béèrè, ikọ́ tí ó bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ti kúrò ní ti atare, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ tútù lábẹ́ ìbòòji igi lè bu ìdí rẹ̀ tí ó ní ọ̀mùnú gbìn. Bí èso náà bá ti pọ́n, ẹ ká a, kí ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe là á.