Ilé Mẹ́ta, Ikùn Kan: Bí A Ṣe Lo Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Òṣogbo

Ó lé ní ọdún kan tí mo ti gbéyàwó, n kò sì tíì mú ìyàwó mi dé Òṣogbo rí. Àwọn ẹbí bàbá mi ò bá mi jà. Ohun tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á wá ní, "Ìyàwó wa ńkọ́? Bá wa kí i o, a ò mọ̀ bóyá ó ṣì rántí wa." Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò yẹn. Mo wá mú òpin ọ̀sẹ̀ kan, láti Jímọ̀ di Àìkú, mo ní ká lọ san gbèsè.

Ilé mẹ́ta ló wà níwájú wa. Bàbá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn ni olórí ẹbí. Àlàájà Òkè-Baálẹ̀ ni àbúrò wọn obìnrin. Àǹtí Òkè-Fìà ni àkọ́bí Bàbá. Tíṣà ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni yàrá tí a máa sùn sí wà. Ẹni tí kò mọ ilé wa á rò pé ìrìn ni mo ń ṣètò. Oúnjẹ ni mo ń ṣètò. Kò sí ẹni tó ń fi omi lásán ṣe àlejò nínú ẹbí wa, ẹni tó bá sì jẹun nílé kan tó kọ̀ ọ́ nílé kejì, wọ́n á máa sọ ọ́ títí Iléyá á fi dé. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ sílẹ̀: ilé tí a ó ti jẹ tàárọ̀, ilé tí a ó ti jẹ tọ̀sán, ibi tí omi nìkan ti tó. Ìyàwó mi ka bébà náà, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkìtì ni. Ó ní kí n má dààmú, kò sí oúnjẹ tí wọ́n lè gbé wá tí yóò ju iyán ilé àwọn lọ.

Aago méjì ọ̀sán Jímọ̀ la dé gáréèjì Ìwó Road ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ ò kún títí ó fi lé ní aago mẹ́ta. Nígbà tí a dé Ìkirè, awakọ̀ ò tíì dúró dáadáa táwọn obìnrin ti na dòdò wọlé láti ojú fèrèsé. Ẹni tí kò bá jẹ dòdò Ìkirè rí lè rò pé ó ti jóná, torí ó dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà ni, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n sì dín. Mo ra ìdì méjìlá: mẹ́rin mẹ́rin fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ní Gbọ̀ngán a yà kúrò lójú ọ̀nà Ifẹ̀, a gba Òde-Òmu kọjá lọ sápá Ẹdẹ, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó sọ̀ ní Ọláìyá.

Àǹtí la máa sùn lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n a kì í fo àgbà kọjá. A gbé ẹrù wa lọ sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tààrà. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì pè mí, "Àlàó! Àlàó ò!" títí ojú fi ń tì mí. Ọmọkùnrin kékeré kan, ọmọ ọdún méje, ọmọ-ọmọ Bàbá, wá dúró síwájú ìyàwó mi, ó ń wò ó. Ìyàwó mi bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti rántí ara rẹ̀: "Ẹ má bínú, ọkọ mi." Ọmọ náà gbé àyà sókè bí ọba. Láti ìgbà náà "ọkọ mi" ló ń jẹ́, òun náà sì ń pè é ní "ìyàwó mi", ó ń rán an níṣẹ́ omi.

Nínú bébà mi, omi nìkan la máa mu níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá, ìyàwó Bàbá, gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín elewé wá. Ẹlẹ́mìí méje ni, ẹyin, edé àti ẹja ń yọjú nínú rẹ̀. A jẹ ẹ́ tán. A dé Òkè-Fìà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Àǹtí ti gúnyán. "Torí ìyàwó wa ni mo ṣe gún un," ni wọ́n wí, "ṣebí ará Èkìtì ni." Mo wo ìyàwó mi, ó wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dá ọgbọ́n tó gbà wá là. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bù ú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan." Inú Àǹtí dùn gan-an. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, ta ni yóò ka òkèlè ta? Àǹtí jẹ èyí tó pọ̀ jù.

Láàárọ̀ Sátidé, kí oúnjẹ lè dà, mo ní ká lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Nínú oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, èrò kì í jẹ́ kéèyàn rí ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀. Ní Sátidé tiwa, ẹyẹ nìkan là ń gbọ́. Mo fi àwọn ère ńlá han ìyàwó mi. Iṣẹ́ Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo bí Adébísí Àkànjí ni. Obìnrin ará Austria náà dé Nàìjíríà ní 1950, wọ́n sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà, Òṣogbo ló sì ń gbé títí ó fi kú ní 2009, ẹni ọdún 93. Mo sọ ìtàn tí Bàbá máa ń sọ fún wa ní kékeré: àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó gé igi, igi wó sódò, wọ́n sì gbọ́ ohùn Ọ̀ṣun tó ń ké pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá.

Ìyàwó mi bojú wo odò, ó ní, "Aró ọ̀hún ti wá di ẹrẹ̀." Kò parọ́. Omi náà pupa bí omi ìdọ̀tí ojú títì, torí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún aráyé pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìyá máa ń bu omi yẹn sínú ìgò wálé fún wa. Mi ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Ibi tí mo ti dákẹ́ ni ọ̀bọ kan ti sọ̀ kalẹ̀ tó já báàgì náílọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Dòdò Ìkirè tí a fẹ́ gbé fún Àlàájà ló wà níbẹ̀, ìdì mẹ́rin gééré. Ó jókòó sórí igi, ó tú ewé rẹ̀ bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, ó jẹ ẹ́, ó sì ju ewé lù wá. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ má gbé oúnjẹ dání.

Ọ̀dọ̀ Bàbá la ti jẹ tọ̀sán, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ gan-an wà. Ìyá pe ìyàwó mi sí ilé ìdáná, mo tẹ̀ lé wọn bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Wọ́n ti bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì láti àárọ̀, ó ti sè títí kò ku hóró kan. Wọ́n fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n da ata, iyọ̀ àti epo sí i. Wọ́n wá na ìjábẹ̀ sí ìyàwó mi pé kó ja ewédú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ odó, kò mọ ìjábẹ̀, ńṣe ló ń fà á bí ẹni ń gbálẹ̀. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Gún un sísàlẹ̀, má gbá a." Ló bá mọ̀ ọ́n. Ó wá fi ọmọrí dé ìkòkò. Ìyá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ṣí i padà. Ìgbà tó tún dé e ni wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Ewédú kì í fẹ́ ìdérí, ìyàwó wa. Á dúdú mọ́ ọ lójú."

Àmàlà ni wọ́n rò gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi orógùn rò ó tí kò sí kókó, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n dín iná kù, wọ́n sì kọ etí sí ìkòkò. Ó ń dún pùkẹ̀, pùkẹ̀. Wọ́n ní bí ohùn yẹn bá ti ń falẹ̀, ó ti jinná nìyẹn. Mo ti ń ro àmàlà fún ara mi láti yunifásítì, n kò fetí sí i rí.

A jẹ àbùlà náà láìfi ọgbọ́n kankan dín in kù. Ẹran ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀meji ni mo tọrọ àfikún. Bàbá wá ní kí n gbé ẹmu wá. Nínú kẹ́ẹ̀gì ni adẹ́mu ń gbé e wá báyìí, ṣùgbọ́n Bàbá ṣì ní igbá tí wọ́n ń dà á sí. Oyin kan ti kú sórí ìfófò rẹ̀. Mo fẹ́ yọ ọ́ dànù, Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ kí ìyàwó mi kọ́kọ́ rí i: "Ẹmu tí oyin ò bá dé, omi ni." Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn ọkùnrin tó jókòó, èmi ni mo bu ẹmu, ẹni tó bá sì bu ẹmu ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìgbà márùn-ún ni mo bu ún. Ìgbà márùn-ún ni mo tọ́ ọ wò.

Mo ti gbàgbé pé ilé Àlàájà ló kàn.

Lójú ọ̀nà, mo ra orógbó mẹ́ta, mo jẹ ẹ́ tán kí a tó dé Òkè-Baálẹ̀. Ó korò débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Àlàájà gbá wa mọ́ra, wọ́n gbé wàrà díndín àti sóbò tútù tó kún fún átalẹ̀ wá, ọwọ́ òfìfo la sì fi kí wọn nítorí ọ̀bọ. Mo jókòó sí ọ̀nà jíjìn, mo ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Àlàájà wò mí títí. Wọ́n ní, "Àlàó, orógbó yìí pọ̀ o. Ẹmu ẹ̀gbọ́n mi ṣì le bíi tàtijọ́ àbí?" Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àlàájà tún rọ sóbò fún mi, wọ́n ní kí n mu ún kí n fi fọ ẹnu, wàrà náà sì dùn débi pé n kò rántí ìtìjú mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a gbéra. Ẹrù tí a gbé bọ̀ ju èyí tí a gbé lọ: èlùbọ́, irú tí wọ́n dì sínú ewé, ìgò sóbò mẹ́ta, àti ìjábẹ̀ tuntun kan tí Ìyá fún ìyàwó mi. A ò tíì kọjá Ṣẹ̀kọ́nà tí fóònù mi fi dún. Bọ̀dá Alékùwodò ni, àbúrò bàbá mi tí mo gbàgbé pátápátá. "Mo gbọ́ pé ẹ wá," ni wọ́n wí. Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Mo na fóònù sí ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká wá?" Wọ́n ní ọjọ́ kejì Iléyá. Ó yọ bébà mi nínú àpò ẹ̀wù mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ Alékùwodò sí òkè pátápátá.