Bí Mo Ṣe To Àwọn Lẹ́tà Akéwì Kan Jọ

Àwọn ọmọ akéwì kan tó ti dolóògbé ló gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́: kí n to gbogbo lẹ́tà tó wà láàárín bàbá wọn àti àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n jọ ń ṣọ̀rẹ́, pẹ̀lú àwọn tí bàbá ti kọ́ níwèé rí tí àwọn náà wá di akéwì, kí ilé-ìkàwé lè gbà wọ́n fún ìpamọ́, kí a sì lè tẹ díẹ̀ nínú wọn jáde. Iṣẹ́ náà ti parí. Mo ń kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ nítorí pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà nínú páálí nílé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé, tí àwọn tó jogún rẹ̀ kò sì mọ ibi tí wọn yóò ti mú un.

Kí n tó tú ìdì kankan, mo ya fọ́tò rẹ̀ bí mo ṣe bá a, mo sì ṣàkọsílẹ̀ èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ó máa ń wu èèyàn láti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní orúkọ-orúkọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ni lẹ́tà ló dì í bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe láìnídìí. Nínú ìdì kan, mo bá lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tí a ká mọ́ inú lẹ́tà ọ̀rẹ́ bàbá kan, bẹ́ẹ̀ ọdún tí a kọ méjèèjì jìnnà síra gan-an. Ìgbà tí mo kà wọ́n tán ni mo rí i pé ewì kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, èrò wọn sì ta kora pátápátá. Bàbá ti mú kí àwọn méjèèjì kojú ara wọn. Ká ní mo ti pín wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìṣàkọsílẹ̀, àríyànjiyàn tí bàbá ń gbọ́ nínú ara wọn lórí ewì yẹn ì bá ti pa rẹ́.

Ìtọ́jú bébà fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo yọ píìnì àti kílíìpù onírin, nítorí wọ́n máa ń dípẹtà mọ́ bébà. Mo yọ rọ́bà tó ti gbẹ. Pẹ́ńsù nìkan ni mo fi kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ewé kọ̀ọ̀kan. N kò sì fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya, nítorí gúlù rẹ̀ máa ń wọ inú bébà lọ, yóò sì bà á jẹ́. Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù ni àpòòwé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jù ú nù, wọ́n á ní lẹ́tà náà ṣáà wà lọ́wọ́. Nígbà tí Emily Dickinson, akéwì ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí òǹkọ̀wé Thomas Wentworth Higginson fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1862, tó sì fi ewì mẹ́rin sínú rẹ̀, kò fọwọ́ sí lẹ́tà náà rárá. Orí káàdì kan tó wà nínú àpòòwé kékeré ọ̀tọ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ká ní ẹnì kan ti ya àpòòwé kékeré yẹn kúrò lára ìyókù ni, lẹ́tà tí kò lórúkọ ni ì bá kù.

Iṣẹ́ tó gba agbára mi jù lọ ni wíwá apá kejì ìtàkùrọ̀sọ náà. Lẹ́tà tí èèyàn gbà ló ń wà nílé rẹ̀. Èyí tó kọ, ilé ẹlòmíràn ló ń gbé. Lẹ́tà mẹ́wàá tí Rainer Maria Rilke, akéwì elédè Jámánì, kọ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Franz Xaver Kappus láàárín 1903 sí 1908, Kappus ló tọ́jú wọn, òun náà ló sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1929, lẹ́yìn tí Rilke ti kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìdáhùn nìkan ni aráyé ń kà, wọn kò rí ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í. Mo pinnu pé n kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà bàbá bí mo bá lè ṣe é.

Táípúráítà ni bàbá fi ń kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì máa ń fi kábọ́ọ̀nù, bébà tó ń tẹ ohun tí a kọ sórí bébà kejì, sáàárín, nítorí náà ẹ̀dà wà nílé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan. Mo kọ̀wé sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn lẹ́tà, àpòòwé rẹ̀, àti ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀, kí lẹ́tà gan-an sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ewì ìgbà èwe rẹ̀ kún un, èyí tí bàbá ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sí káàkiri, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú gígùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ka ìyẹn sí lẹ́tà, mo sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù náà kò tó gbẹ́kẹ̀ lé tán. Bí a bá ti yọ bébà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹni tó ń kọ̀wé lè fi bírò kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sísàlẹ̀ ojúlówó, kò sì ní sí lára ẹ̀dà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewì kan tí bàbá kọ sínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ wọn kan nìyẹn. Nínú ẹ̀dà tó wà nílé, ìlà mẹ́fà ni ẹsẹ tó gbẹ̀yìn ní. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ti kọ̀wé sí bàbá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà ìkẹyìn yẹn ń ṣàlàyé ohun tí ẹ ti fi hàn wá tẹ́lẹ̀,” bàbá sì fèsì lórí gbogbo nǹkan mìíràn, wọn kò fọwọ́ kan ìyẹn. Nígbà tí ojúlówó lẹ́tà náà dé láti ọ̀dọ̀ ẹbí ọ̀rẹ́ wọn, mo rí i pé wọ́n ti fi bírò fagi lé ìlà kẹfà, wọ́n sì kọ sísàlẹ̀ pé ọmọ tí àwọn kọ́ ló tọ́ àwọn sọ́nà. Mo ka gbólóhùn yẹn ní àkàtúnkà. Òun ló jẹ́ kí n gbà pé a kò gbọdọ̀ tẹ lẹ́tà àwọn ọ̀rẹ́ sínú ìwé kan, kí a tẹ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni mo dojú kọ ọjọ́ orí àwọn lẹ́tà. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ń sọ ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà níbẹ̀, kì í sọ ọjọ́ tí a kọ ọ́. Ọ̀kan wà tí kò ní àpòòwé, tí ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ju “Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù kejì” lọ. Ọdún tí oṣù kejì ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìkan ló lè jẹ́, Ọjọ́bọ̀ kì í sì í bọ́ sí ọjọ́ náà àfi lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n: 1940, 1968, 1996. Wọn kò tíì bí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ ní 1940. Ọ̀rẹ́ tó ní kí bàbá bá òun kí sì ti kú ṣáájú 1996. Mo kọ 1968 sínú àkámọ́ onígun, bí mo ti ṣe sí gbogbo ọjọ́ tó jẹ́ pé èmi ni mo fi òye gbé e kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òǹkọ̀wé ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, mo fi àṣìkọ, ìlà tí a fagi lé àti àmì ohùn tí kò pé sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́tà tí John Keats, akéwì ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ sí àwọn àbúrò rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1817, tí àwọn onímọ̀ ewì kò yéé tọ́ka sí, àdàkọ tí John Jeffrey, ọkọ tí opó àbúrò Keats kan fẹ́ lẹ́yìn náà, ṣe nìkan ló kù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Jeffrey máa ń fo ibi tó bá wù ú nígbà tó bá ń dà á kọ. Adàkọ lè di ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kẹ́yìn. Bébà jẹ́ ti ẹni tó gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn àrólé rẹ̀, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nítorí náà àwọn ọmọ bàbá kò lè fúnni láṣẹ lórí lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Mo fi ohun tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí olúkúlùkù kó kọ́kọ́ kà á. Òfin nìkan kọ́ ló jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Robert Lowell, akéwì ará Amẹ́ríkà, fẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà Elizabeth Hardwick, ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, ṣe ewì, Elizabeth Bishop, tó jẹ́ akéwì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kọ̀wé sí i ní 1972 láti bá a wí. Lowell tẹ ìwé ewì náà jáde ní 1973 síbẹ̀síbẹ̀. Mo gbà pé Bishop ló jàre. Ẹnì kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bàbá ní òun kò fẹ́ kí wọ́n tẹ ibi tí òun ti sọ̀rọ̀ àìsàn òun, mo sì yọ ọ́ kúrò, mo fi àmì sí ibẹ̀ pé a yọ nǹkan.

Bí mo ṣe wá tò wọ́n nìyí: ìbéèrè àti èsì wà pọ̀, ọjọ́ ni wọ́n sì fi tẹ̀lé ara wọn, yálà ọ̀rẹ́ ló kọ ọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí lẹ́tà kan bá ti sọnù tí èsì rẹ̀ sì jẹ́rìí pé ó ti wà rí, mo fún un ní nọ́ńbà, mo kọ orúkọ ẹni tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, mo sì kó gbogbo àkọsílẹ̀ náà fún àwọn ọmọ bàbá àti ilé-ìkàwé, kí ẹni tó bá rí ọ̀kan lè mọ ibi tí yóò fi sí.