Bí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì yóò ṣe lẹ́nu láti sọ pé "Mi ò gbọ́ ọ, mà"

Bí ẹ bá rí 120/80, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó dáa, lórí ṣáàtì aláboyún mẹ́fà léra wọn, ẹ má tíì yọ̀. Ó lè jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wọn ìfúnpá wọn ò gbọ́ nǹkan kan nínú stethoscope, ẹ̀rù ló bà á láti sọ. Èmi náà ṣe é rí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Sísítà tó wà lórí wa nígbà yẹn, àwọn aláìsàn ló máa ń bá wa bẹ̀ ẹ́.

Ní wọ́ọ̀dù wa l'Ísàlẹ̀ Èkó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ni mo ti ń wá ibi tí wọn yóò gbé báàgì sí. Ọmọ tó jí láàárọ̀ kùtù n'Íkòròdú, tó há sínú gó-sílò lórí Third Mainland, tó tún wá ń gbé báàgì kọ́ apá kiri, àlejò lẹ sọ ọ́ dà.

Lẹ́yìn náà, orúkọ. "Ìwọ student" kì í ṣe orúkọ. Mo máa ń pè é sókè, bí mo bá ṣì í pè, ọmọ náà á tún un ṣe fún mi. Ó ti tọ́ mi sọ́nà lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ọ̀run ò sì ya lulẹ̀.

Ó wá ku ìfúnpá gan-an. Kó fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń sọ kìkì ní ọrùn ọwọ́. Kó fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ tí wọ́n dì mọ́ apá náà títí kìkì yẹn yóò fi pòórá, kó fi 30 lé nọ́ńbà ibẹ̀, kó wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìró àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ nínú stethoscope ni nọ́ńbà òkè; ibi tó ti dákẹ́ pátá ni ti ìsàlẹ̀. Kó tó kọ ọ́, ẹ bi í pé: "Ṣé o gbọ́ ọ dáadáa?" Bó bá ní òun ò gbọ́, ẹ ní "O ṣé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ jọ tún un wọ̀n.

Ọjọ́ kan tí ọmọ kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, 160/110 la bá lára ìyá náà. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lóru ti kọ 120/80 sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ la ké sí dókítà.

Amy Edmondson, olùwádìí ní Yunifásítì Harvard, gbé ìwádìí kan jáde ní 1996 lórí àṣìṣe oògùn ní ilé ìwòsàn. Àwọn wọ́ọ̀dù tí àárín wọn gún ni wọ́n ti ń ròyìn àṣìṣe jù. Ẹnu wọn ló yá láti sọ ọ́.

Ìbáwí ńkọ́? Ẹ pè é sẹ́yìn kọ́tìnì. Àmọ́ bó bá fẹ́ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ẹlòmíì, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú níbẹ̀, ojú kì í tì.

Kí wọ́n tó lọ sílé, mo máa ń béèrè: "Kí lẹ rí lónìí tí mi ò rí?" Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, "Kò sí, mà" ni gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀kan ní aago ara ògiri wa ti fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn.