Ẹ béèrè ohun tí ètò ìlú fi ilẹ̀ sí kí ẹ tó sanwó
Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Akínyẹlé, Ìdó, Ẹ̀gbẹ́dá, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà Àrà

Omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn. Odò Ògùnpa ti ṣe irú rẹ̀ ní 1980, a kò gbọ́n. Lẹ́yìn ti 2011 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi owó tí Báńkì Àgbáyé yá a ṣe àwòrán ètò fún gbogbo Ìbàdàn: ibi ilé gbígbé, ibi ọjà, ibi ilé iṣẹ́, ibi oko, ọ̀nà tí omi yóò máa gbà. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló kàn. Ẹ̀yin mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ìgboro la ń bá wí, torí ọ̀dọ̀ yín ni oko ti ń di pulọ́ọ̀tì.

Àṣìṣe kan náà la ń rí: ẹ ka ìwé ilẹ̀ sí àṣẹ ìkọ́lé. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe àṣẹ ìkọ́lé. Sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀, kọ́. C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún ni, pàápàá kọ́. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wà nínú rẹ̀, ẹ kà á, ẹ má kàn kó o sábẹ́ ibùsùn. Ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ilé iṣẹ́ ètò ìlú ló ń fún ni, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì sọ́fíọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Láti ibẹ̀, ó di ilé iṣẹ́ ètò ìlú: kí ni wọ́n fi ibẹ̀ sí? Ìgbà náà ni owó. Bí ẹni tó ń tà á bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ san díẹ̀, ẹ gbé owó yín padà sílé.

Àyè tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí nìyí. Títì ìjọba àpapọ̀, bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìfẹ̀: mítà 45.72, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 150, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti àárín títì ni o, kì í ṣe láti etí ọ̀dà. Pulọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ẹ ṣírò ohun tó kù fúnra yín. Wáyà iná ńlá orí òpó irin: mítà 25 láti àárín sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún 330 kV (kV ni ìwọ̀n agbára iná rẹ̀), mítà 15 fún 132 kV. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó jẹ́, kó fi 25 ṣe é. Ti odò ń yàtọ̀, ẹ béèrè ti odò yín gan-an, ẹ má sì wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ ní ó ti gbẹ. Ẹ̀bá odò ṣe é gbin ẹ̀fọ́, kò ṣe é mọlé sí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, òfin ilẹ̀ ti 1978 gbà kí ìjọba ìbílẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ oko fún yín, kó má ju hẹ́kítà 500 lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí gómìnà bá ti kéde pé ó di ìgboro ti kúrò lábẹ́ wọn. Bí ìjọba bá sì gba oko, irúgbìn àti ohun tí ẹ kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n ń díye lé. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ilẹ̀ tí ẹ san lọ́dún náà lọ. Nítorí náà, ẹ ka ẹsẹ̀ kòkó, ọ̀pẹ àti ọsàn yín, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn, kí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tó dé.