Bí a ṣe ń fi owó ilẹ̀ ẹni san owó ọjà fún oníṣòwò orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá

Ibodè kan ṣoṣo lè wà láàárín oníṣòwò méjì, síbẹ̀ owó tí wọ́n ń san fún ara wọn á kọ́kọ́ di dọ́là ná. Ẹni tó ń rà á ṣẹ́ owó tirẹ̀ sí dọ́là, ẹni tó ń tà á tún ṣẹ́ dọ́là náà sí owó tirẹ̀, ẹni tó ń bá wọn ṣẹ́ ẹ á sì jẹ èrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ẹ ṣe é báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín bóyá wọ́n wà nínú ètò tó gba irú ìsanwó yìí láàyè, nítorí kì í ṣe gbogbo báńkì ló ń ṣe é. Brazil àti Argentina ti ní tiwọn láti ọdún 2008. Ní Indonesia, Malaysia àti Thailand, àwọn báńkì àpapọ̀ ló yan àwọn báńkì tó ń ṣe é. Ní Áfíríkà, Afreximbank, báńkì tó ń ran òwò ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́, gbé PAPSS kalẹ̀, ìyẹn ètò ìsanwó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ìlú Accra ni wọ́n ti ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2022. Bí báńkì yín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ wá òmíràn kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé.

Kí ẹ tó ná ọjà rárá, ẹ fẹnu kò lórí irú owó tí ẹ ó fi ná an. Ibí gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí owó tirẹ̀ kò sí lórí ínfọ́ìsì (ìwé tí ẹni tó ń tà fi ń béèrè owó ọjà) ló máa ru ẹrù bí pàṣípààrọ̀ bá yí padà kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Nínú ètò Brazil àti Argentina, owó ẹni tó ń ta ọjà ni wọ́n ń kọ, ẹrù náà sì wà lọ́rùn ẹni tó ń rà á. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, bí àpẹẹrẹ: “Owó ọjà yìí jẹ́ 50,000 real (owó Brazil). Peso (owó Argentina) ni ẹni tó rà á yóò san fún báńkì rẹ̀, ní pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tó bá san án. Òun náà ni yóò san owó iṣẹ́ báńkì.” Bí ọjọ́ ìsanwó bá jìnnà, ẹ bi báńkì bóyá wọ́n lè bá yín de iye pàṣípààrọ̀ mọ́lẹ̀ látòní.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba iye pàṣípààrọ̀ tààrà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ká sọ pé dọ́là kan jẹ́ 5 ní owó tiyín, tó sì jẹ́ 1,000 ní owó tiwọn: 1 tiyín jẹ́ 200 tiwọn nìyẹn. Bí báńkì bá fún yín ní 198, ó dára. Bí ẹ bá gba ọ̀nà dọ́là, tí wọ́n sì yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bí 192 ni yóò kù. Báńkì mìíràn á ní tààrà ni, bẹ́ẹ̀ dọ́là ló fi pamọ́ sínú ìṣirò rẹ̀. Bí iye tí wọ́n pè bá sún mọ́ 192, ẹ ti mọ̀.

Ìwé kò gbọdọ̀ takora: ínfọ́ìsì, ìwé àwọn aṣọ́bodè àti ìwé ẹrù gbọ́dọ̀ gbé orúkọ kan náà àti irú owó kan náà.

Ẹ wá san owó tiyín sí báńkì tiyín. Owó náà kò ní sọdá ibodè. Àwọn báńkì á kó gbèsè tí apá méjèèjì jẹ ara wọn jọ, wọ́n á fi ọ̀kan gbé èkejì, èyí tó bá ṣẹ́ kù nìkan ni wọ́n á san. Láàárín Brazil àti Argentina, dọ́là ni àwọn báńkì àpapọ̀ méjèèjì fi ń san àṣẹ́kù yẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé dọ́là ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń tà, ẹ má kó ọjà sílẹ̀ nítorí àwòrán ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ dúró kí báńkì tiyín sọ pé owó ti wọlé. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi owó tiwọn san yín àyàfi bí ẹ bá ní ọjà tí ẹ fẹ́ fi rà lọ́dọ̀ wọn.